Nígbà tí 5,000 àti 2,500 Di Mílíọ̀nù Lọ́nà Àádọ́ta

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń gba àjọ. Ìwé àjọ rẹ̀ ti gbó, epo ti ta sí i lára, ó wá ní kí n bá òun ṣe nǹkan sórí fóònù tí yóò máa bá òun ro owó pọ̀. Mo ní kò le rárá. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fi JavaScript, èdè kóòdù tí wọ́n fi ń ṣe ojú ewé wẹ́ẹ̀bù, kọ ojú ewé kékeré kan: àpótí kan fún owó àárọ̀, àpótí kejì fún owó ìrọ̀lẹ́, bọ́tìnì kan tó ń ro méjèèjì pọ̀. Mi ò dán an wò dáadáa kí n tó gbé e fún un. Lọ́jọ́ kejì ó tẹ 5000 sínú àpótí kìíní, ó tẹ 2500 sínú èkejì, ó tẹ bọ́tìnì, fóònù sì gbé 50002500 síta. Ó wò mí lójú. "Ọmọ mi, mílíọ̀nù lọ́nà àádọ́ta? Ta ló san án?"

Fóònù náà ò ṣe àṣìṣe kankan. Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Nínú JavaScript, iṣẹ́ méjì ni àmì + ń ṣe: bó bá wà láàárín òǹkà méjì, á rò wọ́n pọ̀, bó bá wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì, á so wọ́n mọ́ra. Ohunkóhun tí èèyàn bá sì tẹ̀ sínú àpótí, ọ̀rọ̀ ni kọ̀ǹpútà kà á sí, ì báà ṣe fígọ̀ nìkan ló tẹ̀. Ó so "5000" mọ́ "2500" bó ṣe máa so "ọmọ" mọ́ "lúwàbí". Bẹ́ẹ̀ náà ni Python, èdè kóòdù mìíràn: ohun tí input() bá gbà lọ́wọ́ yín, ọ̀rọ̀ ni. Bí ẹ bá sì ní kó to irú fígọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré dé ńlá, á fi 1000 ṣáájú 200, á fi 200 ṣáájú 50, nítorí pé bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe ń to ọ̀rọ̀ ló ṣe tò wọ́n: lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń wò.

String ni àwa tó ń kọ kóòdù ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ojú ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn wò ó. "2500" jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin: 2, 5, 0, 0. Kò sí èyí tó mọ̀ pé òun wà ní ipò ẹgbẹ̀rún tàbí ipò ọgọ́rùn-ún nínú wọn. Wọ́n kàn tẹ̀ lé ara wọn ni.

Kọ̀ǹpútà ò sì mọ ìlẹ̀kẹ̀ náà gan-an. Òǹkà nìkan ló mọ̀, nítorí náà wọ́n fún àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963 ni wọ́n gbé ètò kan jáde tí wọ́n pè ní ASCII, òun ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ ṣì ń tẹ̀ lé fún àwọn àmì wọ̀nyí títí dòní. A ńlá jẹ́ 65, B jẹ́ 66. Nígbà tí wọ́n fi lẹ́tà kékeré kún un, a bọ́ sí 97. Àwọn fígọ̀ náà ní tiwọn: àmì "0" jẹ́ 48, "1" jẹ́ 49, títí dé "9" tó jẹ́ 57. Ibi tó ń rú èèyàn lójú nìyẹn. Àmì "5" tí ẹ tẹ̀ kì í ṣe márùn-ún nínú ẹ̀rọ, 53 ni. Ẹni tó kọ "iyán" sára ògiri ò tíì jẹun. Ẹni tó tẹ "5" sínú àpótí ò tíì fún kọ̀ǹpútà ní márùn-ún.

Báwo wá ni "2500" ṣe ń di 2500? Ẹ jẹ́ ká ṣe é lọ́wọ́, torí ẹni tó bá ti ṣe é lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé mọ́. Ẹ mú òdo lọ́wọ́. Ẹ mú ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́: "2", nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 50. Ẹ yọ 48 kúrò, ó ku 2. Ẹ sọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín di ìlọ́po mẹ́wàá (òdo ṣì ni), kí ẹ fi 2 kún un: 2. Ìlẹ̀kẹ̀ kejì jẹ́ "5", nọ́ńbà rẹ̀ 53, ẹ yọ 48, ó ku 5. Ohun tó wà lọ́wọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, 20, ẹ fi 5 kún un: 25. Ìlẹ̀kẹ̀ kẹta: "0", 48, yọ 48, kò ku nǹkan kan. 25 di 250. Ìlẹ̀kẹ̀ kẹrin bákan náà: 2,500. Ó parí.

Ohun tí int() ń ṣe ní Python nìyẹn, òun ni Integer.parseInt ń ṣe ní Java, òun ni atoi ń ṣe ní C. Orúkọ ló yàtọ̀. Nínú ojú ewé àjọ tèmi, gbogbo ohun tó kù ni pé kí n fi Number( ) yí àpótí kọ̀ọ̀kan ká kí n tó fi + sáàárín wọn. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, 7500 yọ jáde.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ kóòdù kò ní pẹ́ pàdé hex, ìyẹn ọ̀nà mìíràn láti kọ òǹkà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Ẹ mú ọmọ ayò. Méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n nínú ọpọ́n, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò méjìlá. Ká ní wọ́n ti jẹ mẹ́ta, ó ku márùndínláàádọ́ta. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ẹ yọ ẹ̀wá kúrò kó di àádọ́ta, ẹ yọ márùn-ún kúrò nínú ìyẹn. Ogún-ogún ni baba wa ń dì í: ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún, ogún méjì, ogún mẹ́ta, ogún mẹ́rin, ogún márùn-ún. Níléèwé, ẹ̀wá-ẹ̀wá ni wọ́n kọ́ wa láti máa dì í, ìdì mẹ́rin àti ẹyọ márùn-ún, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 45. Kò sí ẹni tó máa sọ pé ọmọ ayò náà pọ̀ sí i tàbí pé ó dín kù nítorí pé a yí bí a ṣe ń dì í padà.

Hex kò ju ìyẹn lọ. Mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń dì í. Nínú ọmọ ayò 45 náà, ìdì méjì ló wà níbẹ̀ (32), ó ku ẹyọ mẹ́tàlá. Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé a ò ní àmì kan ṣoṣo fún mẹ́tàlá, ni wọ́n bá yá lẹ́tà lò: A dúró fún 10, B fún 11, C fún 12, D fún 13, E fún 14, F fún 15. 45 wá di 2D. Bí ẹ bá fẹ́ ka "2D" padà, ọ̀nà tí a gbà ka "2500" náà ni, àfi pé ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ni ẹ ó máa lò dípò ìlọ́po mẹ́wàá: 2 ní ìlọ́po 16 jẹ́ 32, fi 13 kún un, 45.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́rìndínlógún? Òdo àti oókan ni gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ní. Bí ẹ bá to mẹ́rin jọ, ọ̀nà mẹ́rìndínlógún péré ni ẹ lè gbà tò wọ́n, láti 0000 dé 1111. Àmì hex kan ṣoṣo wá ń dípò mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. 45 nínú ẹ̀rọ jẹ́ 00101101. Ẹ là á sí méjì, 0010 ni 2, 1101 ni D. Òdo àti oókan mẹ́jọ ni báìtì kan, báìtì kan sì jẹ́ àmì hex méjì gééré, láti 00 dé FF, 256 lápapọ̀. Ẹ̀rọ System/360 tí IBM gbé jáde ní 1964 wà lára ohun tó jẹ́ kí báìtì oníméjọ àti lẹ́tà A dé F yìí di àṣà.

Ẹni tó bá ti jókòó ti babaláwo rí kò ní rí nǹkan àjèjì nínú ìyẹn. Ẹsẹ̀ odù kọ̀ọ̀kan ní ipò mẹ́rin, ilà kan tàbí ilà méjì ní ipò kọ̀ọ̀kan, ó sì di ojú odù mẹ́rìndínlógún. Ẹsẹ̀ méjì ló ń pé odù, ó di 256. Bí ẹ bá pe ilà kan ní 1, tí ẹ pe ilà méjì ní 0, Ogbè á jẹ́ 1111, F nìyẹn; Ọ̀yẹ̀kú á jẹ́ 0000; Ìwòrì á jẹ́ 0110, 6; Òdí á jẹ́ 1001, 9. Èjì Ogbè á wá jẹ́ FF. Mi ò sọ pé baba wa ló ṣe kọ̀ǹpútà o, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti sú mi. Ìṣirò kan náà ni mo ní kí ẹ wò: yíyàn méjì, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mẹ́rìndínlógún.

Ó yá, ibi tí ìdàrúdàpọ̀ wà gan-an rèé. Bí ẹnì kan bá béèrè pé, "Báwo ni mo ṣe lè yí string yìí sí hex?", ẹni méjì á dá a lóhùn, ìdáhùn wọn ò ní jọra rárá, àwọn méjèèjì á sì tọ̀nà. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹni náà fi orúkọ kan ṣoṣo pè. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí, "1E5", bí mo ṣe gbé e fún Python lọ́nà márùn-ún:

int("1E5", 16) → 485
int("1E5", 20) → 685
float("1E5") → 100000.0
"1E5".encode("utf-8").hex() → '314535'
int("1E5") → àṣìṣe, kò gbà á

Ìlà kìíní béèrè pé: àmì mẹ́ta yìí, tí wọ́n bá jẹ́ fígọ̀ tí wọ́n dì ní mẹ́rìndínlógún, mélòó ni? 1 ní ìlọ́po 256, 14 ní ìlọ́po 16, àti 5: 256, 224, 5, ó jẹ́ 485. Ìlà kejì béèrè ohun kan náà, àfi pé ogún-ogún ló dì í bíi tàwọn baba wa (Python gbà yín láyè láti 2 títí dé 36). Ìlà kẹta ka E náà bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń kà á: 1 tí òdo márùn-ún tẹ̀ lé. Ìlà kẹrin ò tiẹ̀ béèrè iye rárá. Ó ní: ẹ bá mi tú ìlẹ̀kẹ̀ yìí, kí ẹ sọ nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi pa ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́. "1" jẹ́ 49, hex rẹ̀ 31. "E" jẹ́ 69, hex rẹ̀ 45. "5" jẹ́ 53, hex rẹ̀ 35. Ìlà karùn-ún rí E láàárín fígọ̀ tó yẹ kó jẹ́ 0 dé 9, ó kọ̀ jálẹ̀, ó sì ṣe é re.

Nítorí náà, bí ẹ bá bá irú ìṣòro yìí pàdé, kí ẹ tó kọ kóòdù kankan, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé iye tí ọ̀rọ̀ yìí ń sọ ni mo ń wá, àbí nọ́ńbà tí wọ́n fi pa lẹ́tà rẹ̀ mọ́? Àwọ̀ inú ojú ewé wẹ́ẹ̀bù wà ní apá kìíní: "#FF8000", ẹ yọ àmì iwájú kúrò, ẹ gé e ní méjì méjì, ẹ ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìdì mẹ́rìndínlógún, pupa jẹ́ 255, àwọ̀ ewé jẹ́ 128, búlúù jẹ́ 0, ó sì di àwọ̀ ọsàn. Kò sí ẹni tó ń wá nọ́ńbà lẹ́tà F níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tó tan èmi náà jẹ nígbà kan. Bí ẹ bá ní hex(45), ohun tí Python máa dá padà ni '0x2d'. Ẹ wo àmì ìfàyọ̀ tó wà lára rẹ̀. String ni! Ẹ ti kúrò lọ́dọ̀ òǹkà, ẹ ti padà sí ìlẹ̀kẹ̀. 0x iwájú yẹn kàn ń sọ fún wa pé hex ló tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mò ń kọ́ fẹ́ ro 45 àti 30 pọ̀ "ní hex", ó kọ hex(45) + hex(30), ó sì rí '0x2d0x1e'. Àrùn ìyá alájọ náà ló tún yọjú. Ẹ ro òǹkà pọ̀ ná, kí ẹ tó wọ aṣọ hex fún un. Nínú ẹ̀rọ, kò sí òǹkà tó jẹ́ hex, kò sí èyí tó jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀wá. Ọmọ ayò ni.

Ìbéèrè kejì, ti títú ìlẹ̀kẹ̀, ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ó kan èdè wa gan-an. "Ade" láìsí àmì jẹ́ 41 64 65, báìtì mẹ́ta. Ó rọrùn. Ṣùgbọ́n ASCII ò ní ẹ, ò ní ọ, ò ní ṣ. Unicode ló wá fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà, hex ni wọ́n sì fi ń kọ nọ́ńbà náà: ọ jẹ́ U+1ECD, ẹ jẹ́ U+1EB9, ṣ jẹ́ U+1E63. Àárín lẹ́tà àwọn ará Vietnam ni ẹ àti ọ jókòó sí, nítorí àwọn náà ń fi àmì sísàlẹ̀. Nọ́ńbà wọ̀nyí ti tóbi ju ohun tí báìtì kan lè gbà lọ. UTF-8, ètò tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní 1992, ló ń pín in sí báìtì mélòó kan. ọ di E1 BB 8D, báìtì mẹ́ta. ẹ di E1 BA B9. ṣ di E1 B9 A3.

Ẹ ti rí ẹrù yìí rí láìmọ̀. Bí ẹ bá fi lẹ́tà Yorùbá ránṣẹ́, tí ẹni tó gbà á sì rí "áº¹" níbi tó yẹ kí ẹ wà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ètò tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ gba báìtì mẹ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rò pé lẹ́tà mẹ́ta ni: E1 ni á, BA ni º, B9 ni ¹. Ti ṣ tiẹ̀ pani lẹ́rìn-ín: "á¹£". Ibi tí ẹ kọ "ṣé dáadáa ni?" sí, owó pọ́n-ùn ló rí.

Ó tún ku àmì ohùn. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́. Ọ ni ẹ máa tẹ̀, lẹ́yìn náà ni àmì òkè U+0301 á gorí rẹ̀. "ọjọ́" tí ojú wa rí bíi lẹ́tà mẹ́ta, Python á ní mẹ́rin ni, báìtì rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́sàn-án: e1bb8d 6a e1bb8d cc81. Ẹni tó bá ṣe àpótí tó ní "orúkọ kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà ogún lọ" láìronú nípa ìyẹn, orúkọ Yorùbá tí wọ́n kọ dáadáa á yára kún un.

Mo fi hex wá àrùn kan rí. Àkójọ orúkọ kan wà lọ́wọ́ mi, mo tẹ "Ọlá" láti wá a, ẹ̀rọ ní kò sí. Mo sì ń wò ó lójú mi níbẹ̀, Ọlá, gbangba! Mo tú ìlẹ̀kẹ̀ méjèèjì. Èyí tí mo tẹ̀ jẹ́ e1bb8c6cc3a1. Èyí tó wà nínú àkójọ jẹ́ 4fcca36c61cc81. Ẹni tó kọ tàkọ́kọ́ lo Ọ tó dá dúró. Ẹni tó kọ tèkejì tẹ O lásán (4f), ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i (cca3), ó tẹ a lásán, ó fi àmì òkè sí i. Bákan náà ni wọ́n rí lójú, ṣùgbọ́n 6c, ìyẹn l, nìkan ni báìtì wọn fi jọra. Python ní irinṣẹ́ fún un, unicodedata.normalize("NFC", ọ̀rọ̀), tó ń sọ gbogbo wọn di ẹ̀yà kan náà. Ká ní mi ò wo hex ni, màá ṣì máa bá ojú mi jà.

Ká padà sí ọ̀rọ̀ owó, nítorí ìyá alájọ ò tíì tán lọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn tí 7500 ti jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ owó bó ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé: 1,500. Number("1,500") ní JavaScript máa dá NaN padà, ìyẹn "èyí kì í ṣe òǹkà". Ó bí ìyá nínú, ṣùgbọ́n ó sàn. Ohun tó burú ni parseInt. parseInt ń ka fígọ̀ títí tó fi kan ohun tí kò mọ̀, á dúró, á fi èyí tó ti kà sílẹ̀ dáhùn, kò sì ní sọ nǹkan kan. "12kg" á di 12, ó dára. "1,500" á di 1! Náírà kan. Kò ní pariwo, kò ní fi ìkìlọ̀ hàn, owó á kàn pòórá. Mo gbà pé ètò tó kọ̀ jálẹ̀ sàn ju èyí tó ń fi ẹ̀rín gba gbogbo nǹkan lọ, pàápàá tó bá jẹ́ owó olówó.

Àmì ìdánudúró yẹn náà ò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Ní Èkó, 1,500 jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ní Kútọnu tàbí Lomé, níbi tí Faransé ti kọ́ wọn ní ìṣirò, 1,500 jẹ́ oókan àti ààbọ̀. Bí ètò yín bá máa dé Kétu ti ilẹ̀ Benin, ẹ pinnu èyí tí ẹ ń kà.

Nọ́ńbà fóònù ńkọ́? Ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Fígọ̀ ló kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òǹkà. Ta ló ń ro nọ́ńbà fóònù méjì pọ̀? Bí ẹ bá yí "0803…" sí òǹkà, òdo iwájú á lọ, kò sì ní padà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àkáǹtì báńkì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo nígbà tí wọ́n bá dà á sínú Excel, ètò tó ń to nǹkan sínú tábìlì. Nọ́ńbà tó bá gùn ju fígọ̀ 15 lọ, Excel á sọ èyí tó kù di òdo. Ní ayé àtijọ́ JavaScript, parseInt("08") tiẹ̀ lè jẹ́ 0, torí pé òdo iwájú ń mú kó rò pé mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n dì í, kò sì sí fígọ̀ 8 nínú irú ìyẹn. Ètò èdè náà tó jáde ní 2009 ló pa àṣà yẹn rẹ́, síbẹ̀ àwọn àgbà ṣì ń kọ parseInt(x, 10) títí di òní.

Excel ò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ní ti yíyí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn onímọ̀ nípa àbùdá (gene) ń pe àwọn àbùdá kan ní orúkọ bíi SEPT2 àti MARCH1. Excel rò pé ọjọ́ inú oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹta ni, ó sì yí wọn padà láìbéèrè. Àwọn tó ń fún àbùdá ènìyàn lórúkọ gbà fún un nígbẹ̀yìn: ní 2020 wọ́n kéde ìlànà tuntun, SEPT2 di SEPTIN2, MARCH1 di MARCHF1.

Ètò ìyá alájọ ti tò báyìí. Kó tó ka owó, ó ń yọ ₦ kúrò, ó ń yọ àmì ìdánudúró kúrò, ó ń wò ó bóyá fígọ̀ nìkan ló kù. Bó bá rí nǹkan míì, á ní "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un tẹ̀." Nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà wà níbẹ̀ bí ọ̀rọ̀, òdo iwájú wọn pé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ "2k", mo fi kún un pé k jẹ́ òdo mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ìyá pè mí pé ẹ̀rọ òun tún ti ń ṣe agídí. Mo lọ wò ó. Ohun tó kọ sínú àpótí ni "egbèje". Mo ní, "Ìyá, ẹ̀rọ ò mọ egbèje." Ó ní, "Kí ló wá mọ̀?"